Ẹ ṣọ́ra fún kíìtì pánẹ́ẹ̀lì iná ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù yìí: fíúsì rẹ̀ kì í já, wáyà rẹ̀ kì í sì í ṣe bàbà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa iná lọ sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù yín fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta kíìtì kan tó pé pérépéré lójú: pánẹ́ẹ̀lì onísúwíìṣì mẹ́fà, sọ́kẹ́ẹ̀tì 12 fóòtì méjì, ojú USB, mítà kékeré tó ń fi fóòtì bátìrì hàn, wáyà pupa àti dúdú, fíúsì àti relay (súwíìṣì tó ń fi iná kékeré ṣí iná ńlá), gbogbo rẹ̀ nínú páálí kan ṣoṣo. Mo rà á. Mo tú u palẹ̀, mo sì dán an wò lórí tábìlì kí n tó gbé e sún mọ́ ọkọ̀. Ká ní ọjà tí kì í pẹ́ bàjẹ́ lásán ni, n kì bá tí kọ èyí. Àwọn nǹkan tó yẹ kó dáàbò bo ọkọ̀ gan-an ni wọ́n fi ṣe ayédèrú, ìyẹn sì lè jó ọkọ̀ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀.

N kò dárúkọ oníṣòwò náà, nítorí orúkọ náà kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ó ti ti ìsọ̀ tó fi tà á fún mi pa, ó ti fi orúkọ mìíràn ṣí òmíràn, àwọn fọ́tò kan náà ló sì kó síbẹ̀. Ẹ kúkú mọ ọjà náà dunjú, kí ẹ lè dá a mọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí pé nígbà tí mo gbé e, ó fúyẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára àpò pé bàbà gidi ni, wọ́n sì tẹ 10 mm² (bí ojú wáyà tí a gé ṣe fẹ̀ tó) sára rọ́bà rẹ̀. Mo fi abẹ fá fọ́nrán kan. Pupa tó wà lóde ṣí kúrò, funfun ló wà nínú. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lára ni. CCA ni wọ́n máa ń pè é, àwọn kan sì ń tà á láìfi pa mọ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi òótọ́ ta CCA kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó pè é ní bàbà, tó sì gba owó bàbà lórí rẹ̀, olè ni.

Ẹ má ṣe ṣi wáyà yìí mú pọ̀ mọ́ bàbà tí wọ́n fi tánganran bò, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn funfun lóde, ó pupa nínú, ó sì dára gan-an fún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí òjò ń pa. Èyí tó pupa lóde tó funfun nínú ni kí ẹ sá fún.

Tí ẹ kò bá fẹ́ fi abẹ kan án, ẹ gbé e lé ìwọ̀n. Mítà kan wáyà bàbà 10 mm² wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 90, láì tíì ka rọ́bà rẹ̀. CCA tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 40 lọ. Ẹ lè fi iná dán an wò pẹ̀lú: ẹ bó fọ́nrán kan, ẹ fi iná gbígbóná bíi ti àwọn tó ń jó lẹ́dì sí ṣóńṣó rẹ̀. Bàbà máa ń pọ́n, ó sì máa ń dúró, nítorí ó di nǹkan bí 1085°C kó tó yọ́. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, nítorí náà ṣóńṣó rẹ̀ máa ń tẹ̀, á sì ká jọ.

Kí ló kan ẹni tó kàn fẹ́ tan iná díẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ nínú èyí? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti bátìrì níwájú dé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù lè gba mítà 6, iná á sì tún gba mítà 6 padà, tí ẹ bá fa wáyà dúdú náà dé orí bátìrì. Mítà 12 nìyẹn. Tí ẹ bá fa áńpù 30 gba inú bàbà 10 mm² gidi, nǹkan bí 0.6 fóòtì ló máa sọnù sójú ọ̀nà. Nínú CCA tó jẹ́ 10 mm² lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 fóòtì. Ṣùgbọ́n tèmi kò tilẹ̀ tó 10 mm². Mo ka fọ́nrán rẹ̀, mo fi kálípà wọn ìbú ọ̀kan, ó já sí nǹkan bí 6 mm². Rọ́bà tí wọ́n fi bò ó ló nípọn, òun ló jẹ́ kó dà bíi wáyà ńlá. Ní ìwọ̀n yẹn, ohun tó ń sọnù lé ní 1.5 fóòtì. Fíríìjì 12 fóòtì á máa pa ara rẹ̀, ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn-sí-táyà á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ó sì rò pé bátìrì ló kú. Iná tó sọnù yẹn kò lọ síbòmíràn, ó di ooru nínú wáyà tí ẹ ti fi ṣáṣíì àti kápẹ́ẹ̀tì bò mọ́lẹ̀.

(Ẹni tó bá ní kálípà: ẹ fi ìbú fọ́nrán kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi 0.785 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi iye fọ́nrán sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn ni mm² rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “8 gauge” láìkọ AWG (ìlànà ìwọ̀n wáyà ti Amẹ́ríkà) tì í, ẹ wọ̀n ọ́n dandan, torí 8 AWG gidi jẹ́ nǹkan bí 8.4 mm², “gauge” lásán sì lè jẹ́ ohunkóhun tó bá wu ẹni tó tẹ̀ ẹ́.)

Omi tún wà níbẹ̀. Níbi tí bàbà àti alumíníọ̀mù bá ti fara kanra, tí omi àti iyọ̀ sì dé ibẹ̀, alumíníọ̀mù ló máa ń jẹrà. Orí wáyà á di lẹ́búlẹ́bú funfun, ibi tí ẹ ti so ó á máa tú, ibi tó bá ti tú á sì máa gbóná.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ fíúsì, torí òun ló mú mi kọ̀wé yìí.

Ohun tí kì í jẹ́ kí wáyà yẹn gbiná ni fíúsì. Tí rọ́bà wáyà pupa bá ya lára etí irin ẹ̀yìn ọkọ̀, bátìrì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì lè ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fíúsì tó dára á ti já kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Fíúsì aláhọ́n méjì tí gbogbo wa ń lò nínú ọkọ̀, tí ẹ bá fa iná tó jẹ́ ìlọ́po méjì iye tó wà lórí rẹ̀ gba inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó já.

Mo fi gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ dán ti kíìtì náà wò. Gílóòbù 55 wáàtì kan ń fa nǹkan bí áńpù 4.6 ní 12 fóòtì. Mo so mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó lé díẹ̀ ní áńpù 13, mo sì fi fíúsì áńpù 5 tó bá kíìtì wá sójú ọ̀nà iná náà. Ohun tó lé ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ nìyẹn. Kò já. Gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn kedere, ike fíúsì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, òórùn jáde, ahọ́n inú rẹ̀ ṣì wà digbí. Èmi ni mo tú wáyà kúrò. Mo fi fíúsì áńpù 5 mìíràn, ti ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, sí ibẹ̀ kan náà: bí mo ṣe kan wáyà pọ̀ báyìí ló já.

Mo tún un ṣe pẹ̀lú àwọn yòókù inú àpò náà. Ìkan já, àwọn tó kù kò já. Èyí tó já yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹni tó bá dán ẹyọ kan péré wò lè rò pé gbogbo wọn dára.

Ẹ lè ṣe ìdánwò yìí fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é níta, kúrò níbi tí epo bẹntiróòlù wà. Ẹ fi fíúsì áńpù 20 tí ó dá yín lójú sí ìdí bátìrì kó lè gba yín sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣì yọ. Ẹ wọ ìbòjú, ẹ má sì fọwọ́ kan gílóòbù, torí wọ́n ń gbóná púpọ̀.

Ilé fíúsì ńlá tó yẹ kó wà lẹ́bàá bátìrì náà ní àbùkù tirẹ̀. Wọ́n kọ áńpù 30 sí i lára, ṣùgbọ́n wáyà tó jáde nínú rẹ̀ tín-ín-rín ju wáyà tí ẹ máa so ó mọ́ lọ. Tó bá jẹ́ pé wáyà tó ń bọ̀ láti ìdí bátìrì ló tín-ín-rín jù, òun ló máa kọ́kọ́ jó.

Lórí relay, n kò ní pẹ́. Wọ́n kọ áńpù 80 sórí rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ti 6.3 mm, irú èyí tí relay áńpù 30 tàbí 40 máa ń ní. Ahọ́n yẹn kò lè gbé áńpù 80 láìgbóná. Mo ṣí i, ojú ibi tó ti ń kanra nínú rẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ díẹ̀ ni.

Ẹ yí pánẹ́ẹ̀lì náà sẹ́yìn wò. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ lè gbé 480 wáàtì. 480 wáàtì ní 12 fóòtì jẹ́ áńpù 40. Ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n fi fò láti súwíìṣì kan sí èkejì tín-ín-rín, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń gbé iná wọ gbogbo súwíìṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tí ẹ bá tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo áńpù yẹn máa gba inú wáyà àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n tún tẹ IP67 síwájú rẹ̀. Ohun tí 7 inú IP67 túmọ̀ sí ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí pé omi wọ ibi tó lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì yìí ṣí sílẹ̀ gbayawu, ahọ́n súwíìṣì wà níta. Ó lè jẹ́ pé orí súwíìṣì nìkan ni wọ́n dán wò, tí wọ́n bá tilẹ̀ dán nǹkan kan wò.

Oníṣòwò náà tún ń ta ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí a ń lò nílé) “2000 wáàtì” mọ́ kíìtì rẹ̀. Ẹ̀rí irọ́ náà wà nínú páálí fúnra rẹ̀: 2000 wáàtì láti orí 12 fóòtì ju áńpù 160 lọ, wáyà tí wọ́n fi sínú páálí sì kéré ju ìka ìkẹyìn ọmọdé lọ. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ̀ pé òun ń ta 2000 wáàtì lóòótọ́ kò ní fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé mo so ó ṣì. Mo fi fọ́tò hàn án pé n kò tíì so ó mọ́ ọkọ̀ rárá. Ó ní òun máa dá díẹ̀ padà nínú owó náà tí mo bá yọ ohun tí mo kọ sábẹ́ ọjà rẹ̀ kúrò. Mo kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n dá ọjà padà pẹ̀lú owó ara mi sí àdírẹ́sì kan tó jìnnà débi pé owó ìfiránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà. Ọgbọ́n wọn nìyẹn: wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa fi sílẹ̀ nítorí àárẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ìkànnì tí ẹ ti rà á lọ sí fóònù, ẹ má sì ṣe sanwó fún un lọ́nà mìíràn lẹ́yìn ti ìkànnì. Ẹ ya fọ́tò wáyà tí ẹ fá àti fíúsì tó rọ̀ tí kò já, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sára àpò, ẹ fi ẹ̀sùn sun ìkànnì náà pé ohun tí wọ́n pè é kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Bí ìyẹn kò bá jẹ́, ẹ lọ bá báńkì tó ni káàdì tí ẹ fi sanwó. Èmi rí owó mi gbà ní ọ̀nà yẹn, fọ́tò sì ni ẹ̀rí tí wọ́n gbà.

Àmì tí mo fi ń dá ìpolówó wọn mọ̀ báyìí: kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ lára fíúsì, wọ́n kọ wáàtì gàdàgbà, wọn kò kọ mm² wáyà, ìyìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe rẹwà àti bí ó ṣe tètè dé, kò sí ẹni tó sọ pé òun fa iná tó pọ̀ gba inú rẹ̀. Tí ẹ bá béèrè pé kí ló wà nínú wáyà náà, tó fèsì pé “ojúlówó ni,” tí kò sọ bàbà tàbí CCA, ẹ kúrò níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé kíìtì yìí ti wà lára ọkọ̀ yín, ẹ tú wáyà pupa rẹ̀ kúrò lórí bátìrì lónìí, ẹ fi téèpù wé orí rẹ̀, kí ẹ tó ronú owó. Kò pọn dandan kí ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Irin pánẹ́ẹ̀lì náà dára, súwíìṣì rẹ̀ sì wúlò tó bá jẹ́ pé relay gidi nìkan ni ẹ fi ń ṣí, torí ìwọ̀nba iná tí relay ń fà láti ṣí kò tó ìdá márùn-ún áńpù kan. Ẹ gbé relay àti àpótí fíúsì tuntun sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wáyà ńlá lọ sínú àpótí fíúsì tààrà, kí súwíìṣì má gbé ẹrù kankan. Wáyà àti fíúsì ni kí ẹ pààrọ̀ pátápátá, kí ẹ sì rà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọkọ̀ ojú omi tàbí lọ́wọ́ àwọn rìwáyà tí ẹ mọ̀. Kí fíúsì àkọ́kọ́ sún mọ́ bátìrì débi tí kò fi ní ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ, kí iye orí rẹ̀ má sì ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Àwọn fíúsì inú àpò yẹn, ẹ gé wọn sí méjì kí ẹ tó dà wọ́n nù, kí ẹnì kan má baà rí wọn he kó fi wọ́n sọ́kọ̀ rẹ̀.