Mo ra ìwé àwòrán Las Vegas àtijọ́: ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀

Dọ́là 42 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìfiránṣẹ́ ò sí nínú ìyẹn o. Àwòrán ìlú Las Vegas ló kún inú rẹ̀, láti 1905 tí rélùwéè ta ilẹ̀ ní gbàǹjo nínú aṣálẹ̀ Nevada, títí dé nǹkan bí 1970. Mi ò dé ìlú náà rí. Bàbá mi tó wá kí wa ní Houston láti Ìbàdàn ni mo rà á fún. Iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi tọ́ wa, mo sì mọ̀ pé bí iṣẹ́ ìwé náà bá mẹ́hẹ, wọn ò ní fi bò.

Àwòrán ọjọ́ gbàǹjo, 15 oṣù karùn-ún, ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Èrò yí pèpéle ká, kóòtù lọ́rùn, fìlà lórí, kò sí igi kan tí èèyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá ní, “Ta ló ń ya fọ́tò lọ́sàn-án gangan? Fìlà ti gba ojú gbogbo wọn.” Àmọ́ nígbà tá a ṣí i sí òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ àgọ́ aṣọ lásán, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bọ́ awò wọn láti wò ó dáadáa.

Láti 1931 tí ìpínlẹ̀ náà fi òfin gba tẹ́tẹ́ láàyè, iná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú àwòrán. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín ni ti òtẹ́ẹ̀lì Sands láwọn ọdún 1950: tábìlì tẹ́tẹ́ wà nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn oníbàárà dúró nínú omi, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ wọn lọ. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ní 1951 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní nǹkan bíi máìlì 65 sí ìlú, èéfín rẹ̀ á ṣe orí bí olú lókèèrè, àwọn èèyàn á sì jáde wá wòran! Ní 1957, wọ́n fi òwú ṣe irú olú bẹ́ẹ̀ sára aṣọ ìwẹ̀ oníjó kan, wọ́n sì yà á ní fọ́tò tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ibi tó dùn mí ni Westside, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Sammy Davis Jr. àti Nat King Cole, àwọn gbajúmọ̀ olórin aláwọ̀ dúdú, ń kọrin fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá, àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà ò sì gbà kí wọ́n sùn níbẹ̀; Westside ni wọ́n ń padà sí. Moulin Rouge, òtẹ́ẹ̀lì tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ tó gba dúdú àti funfun pọ̀, ṣí níbẹ̀ ní 1955, ó sì tì kí ọdún tó parí. Inú ilé yẹn kan náà ni wọ́n ti ṣe àdéhùn ní 1960 pé kí àwọn ilé tẹ́tẹ́ yòókù ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn. Gbogbo ìtàn yìí, ojú ìwé méjì péré! Tábìlì inú omi nìkan gba mẹ́ta.

Ìdìpọ̀ ìwé náà ò dáa: àwòrán tó bá gba ojú ìwé méjì, àárín rẹ̀ ti bọ́ sínú ìránpọ̀. Wọn ò sì kọ orúkọ ayàwòrán kankan. “Ẹni tó yà á dà?” ni Bàbá ń bi mí ṣáá. Mo wá a kiri kí n tó rí i pé Don English ló ya oníjó olówùú yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó, Yunifásítì Nevada ní Las Vegas ní ọ̀pọ̀ irú àwòrán báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo rò ó pé kí n dá ìwé náà padà, àmọ́ Bàbá ti fi bírò kọ “Don English” gàdàgbà sábẹ́ àwòrán.