6V-71 tó kọ̀ tí kò kú: àgbéyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì two-stroke kan àti wọ́kṣọ́ọ̀bù tó tún un ṣe

Wọ́n fa ọ̀pá tó ń pa á, kò kú. Ńṣe ló tún ń ké sókè sí i. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan 6V-71 náà, ẹ́ńjìnnì dísù onísíléńdà mẹ́fà ti Detroit Diesel, lẹ́yìn àtúnṣe ńlá nìyẹn. Two-stroke ni: síléńdà kọ̀ọ̀kan ń jó dísù ní gbogbo ìyípo kan. Gọ́fánọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì, ló yẹ kó sé e mọ́ bíi 2100 yípo ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kí ojú tó ṣẹ́, igbe rẹ̀ ti kọjá ìyẹn, èéfín dúdú sì ti bo wọ́kṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tú ká. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń sáré tú wáyà bátìrì, bí ẹni pé dísù tó ti ń jó tún ń bèèrè bátìrì.

Ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kan wà lórí bùlóà (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì) tó yẹ kó pa dé gbà nírú àkókò yìí. Wọn ò so okùn rẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò tíì de fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, àti pé mẹkáníìkì àgbà kan wà nítòsí. Bàbá náà gbé pákó pẹlẹbẹ kan, ó fi bo ẹnu bùlóà, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Pákó ni o, kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe àkísà: bùlóà á fa àkísà wọlé, á sì há sáàárín rótọ̀ méjèèjì tó ń yí nínú rẹ̀.

Ọ̀gá wọ́kṣọ́ọ̀bù wá dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Two-stroke ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn rárá. Injẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń fọ́n dísù sínú síléńdà, ló ní ráàkì tirẹ̀ (ọ̀pá eléyín kékeré tó ń pinnu iye dísù tó ń wọlé), irin gbọọrọ kan ló sì so mẹ́ta mẹ́ta pọ̀ lórí ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ọ̀kan. Lórí irú ti àtijọ́ tí lífà rẹ̀ (apá kékeré tó ń ti ráàkì) kò ní sípíríìngì, bí ráàkì kan ṣoṣo bá há síbi tí dísù ti ń ya wọlé, á di àwọn yòókù mú síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Gọ́fánọ̀ á fà á títí, kò ní lè dá wọn padà. Irú tó dé lẹ́yìn ní sípíríìngì lídìí lífà, kí ọ̀kan tó bá há má bàa pa gbogbo ilé run.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí fáfù, bàbá náà tú irin náà kúrò lára gọ́fánọ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Kò padà. Ó pe ọmọ tó di bóòtù injẹ́tọ̀: "Fọwọ́ kàn án. Bí kò bá já bọ́ fúnra rẹ̀, má tan ẹ́ńjìnnì yìí." Ọmọ náà ti ti páìpù bọ ìdí sípánà láti fi di bóòtù tó ń tẹ injẹ́tọ̀ mọ́lẹ̀. Lb-ft 20 sí 25 (ìwọ̀n agbára tí a fi ń di bóòtù) ni bóòtù yẹn ń fẹ́. Tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fún ara injẹ́tọ̀, ráàkì inú rẹ̀ á sì há. Wọ́n tú u, wọ́n fi sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára yẹn, di í padà, irin náà já bọ́ wẹ́rẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo páìpù kékeré tó ń sun ọ́ìlì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Igi ni wọ́n fi dí i, nítorí pé "ó ń dọ̀tí ilẹ̀". Bí ibẹ̀ bá dí, ọ́ìlì á gbára jọ sínú àpótí afẹ́fẹ́ (àyè tó yí síléńdà ká, tí bùlóà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí), bùlóà á máa fẹ́ ẹ wọnú síléńdà, ẹ́ńjìnnì á sì fi jó bíi dísù. Ẹ ti dá ìsálọ kejì sílẹ̀ nìyẹn, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa sáré láìṣeé dá dúró. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa jáde lẹ́nu páìpù yẹn. Wọ́n tún da ọ́ìlì 15W-40 sínú ẹ́ńjìnnì náà. SAE 40 lásán, tí kò ní W (àmì ọ́ìlì tó ń ṣàn nínú òtútù) kankan, ni ti ìdílé ẹ́ńjìnnì yìí.

Ẹ ò wá ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ẹ́ńjìnnì náà gan-an. Láti 1938 ni ìdílé 71 ti wà, síbẹ̀ ẹ lè tú ìdérí àpótí afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ríìngì písítìnì láti ojú ihò láínà (ọ̀pá oníhò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) láìtú ẹ̀dì. Ẹ fi igi tí kò mú tẹ ríìngì: bó bá ta padà, ó yè, bó bá dúró gan-an, ó ti há tàbí ó ti kán. Bàbá náà ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó wo rótọ̀ bùlóà náà bóyá ọ́ìlì ti ṣàn sára wọn, torí pé dídí ẹnu bùlóà lójijì máa ń fa ọ́ìlì kọjá síìlì. Ó gbẹ. Ó tún yẹ páìpù dísù tó wà lábẹ́ ìdérí fáfù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń jò níbẹ̀ á da dísù sínú ọ́ìlì, ẹ á sì rí i pé ọ́ìlì ń lé sí i dípò kó máa lọ sílẹ̀.

Ó tan lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fa ọ̀pá, ó kú lójú ẹsẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì: 5 nínú 5. Wọ́kṣọ́ọ̀bù: 4 nínú 5. Bàbá yẹn ló ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.