Ọjọ́ 9 wa ní ICU: ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì àti pépà

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù yẹn o, torí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe mí lóore, àwọn tó wà nídìí owó ni mo ń bá wí.

Nimóníà ló gbé bàbá mi débẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há wọn níka ní wọ́ọ̀dù ń sọ 78, èmi tiẹ̀ rò pé máàkì tó dáa ni, àfìgbà tí dókítà ní ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀n, ó yẹ kó tó 95 ó kéré tán. Ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti di ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, wọ́n ti ki rọ́bà sí wọn lọ́fun, ẹ̀rọ wá ń bá wọn mí, wọ́n sì fún wọn lóògùn oorun kí wọ́n má bàa máa bá ẹ̀rọ jìjàkadì.

Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ṣe bẹbẹ. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ń yí bàbá padà kí ẹ̀yìn wọn má bàa dégbò, wọ́n á fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà imú fún wọn ní ògì. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin ni, kó tó fọwọ́ kàn wọ́n á ní "Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ yí yín sápá òsì o." Ẹni tó sùn fọnfọn! Mo ní ṣé wọ́n ń gbọ́ ni, ó ní "Ẹ ṣáà máa bá wọn sọ̀rọ̀." Ni mo bá ń ki oríkì wọn sí wọn létí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá jẹ́ n wọlé.

Ẹ̀rọ tó ń dún pì-pì yẹn ńkọ́, tó bá ti yí ohùn padà àyà mi á já, ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé nígbà míì kílíìpù ìka ló kàn yọ.

Wàhálà wá ni pépà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí a máa rà sí. Yàtọ̀ sí dìpósíìtì tí wọ́n gbà kí wọ́n tó gbé wa wọlé, pépà láàárọ̀, pépà láago méjì òru, glọ́ọ̀fù, síríńjì, abẹ́rẹ́ tí kò sí ní fámásì wọn tí mo fi ọ̀kadà wá kiri ìgboro, kò sẹ́ni tó sọ iye tó máa jẹ́ lápapọ̀ fún wa. Orí ẹní ní kọ́ríídọ̀ la ń sùn, ẹ̀fọn ń fi wá jẹun. Obìnrin kan tí ọmọ ẹ̀ wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló ń fún mi lẹ́bà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, ẹní ẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

7 nínú 10 ni mo fún wọn, àwọn nọ́ọ̀sì ló gba gbogbo ẹ̀. Bàbá ti wà nílé, rọ́bà yẹn jẹ́ kí ohùn wọn há, àmọ́ ó ti tó fi bú mi pé mo náwó jù.