Ẹlẹ́wọ̀n Amẹ́ríkà: Ilé Ẹjọ́ Tààrà, Àbí Ìwé Ẹ̀sùn Nínú Ọgbà?

Láti ọdún 1996 tí òfin PLRA, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ẹjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n ń pè, ti jáde, ẹlẹ́wọ̀n tó bá kọjá sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ láìkọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn aláṣẹ ọgbà lè pàdánù ẹjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ìwé ẹ̀sùn náà korò. Ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí yóò kà á. Àkókò sì kéré: ní Kalifóníà, ọjọ́ iṣẹ́ 15 péré ni ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń jẹ́ Ngo ní láti kọ ọ́, ó pẹ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dájọ́ lòdì sí i lọ́dún 2006. Ó dùn mí gan-an.

Síbẹ̀, ìwé ẹ̀sùn náà ni mo fara mọ́. Tètè kọ ọ́, tọ́jú ẹ̀dà, gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ga jù. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọ kí o má baà kọ ọ́, ẹjọ́ Ross v. Blake ti ọdún 2016 wà lẹ́yìn rẹ: Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ níbẹ̀ pé kò pọn dandan kí ẹlẹ́wọ̀n kọ́kọ́ tọ ọ̀nà tí àwọn aláṣẹ fi ìhàlẹ̀ dí mọ́ ọn.