Ìwé ní 52,000 sẹ́fà, fóònù ní 35,000: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn tó wáṣẹ́ ìtọ́jú-ilé fún mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

"Mùsié dà?"

Ohun tí akọ̀wé ilé ìyáwó bi mí nìyẹn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ọkùnrin kan ló tò sẹ́yìn mi. Àga ike nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wá yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi, ó fi ìka lé e: wọ́n kọ "Monsieur", bí Faransé ṣe ń pe ọkùnrin, gàdàgbà síwájú orúkọ mi. Èmi abiyamọ, ti gèlè ti ìró. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí àwọn tó wáṣẹ́ fún mi tó kọ ìwé yẹn fún mi, ìwé tó máa jẹ́rìí pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́ àti iye tí mo ń gbà lóṣù.

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ìyẹn ò le, wọ́n á tún un tẹ̀ fún yín. Ẹ mú ti fóònù wá." MoMo, owó orí fóònù, ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, mo sì ti ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde fún mi lẹ́bàá ọjà Wàńdó, ewé mẹ́rin. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó mú rúlà, ó ń fi tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Nígbà tó fi dé ìsàlẹ̀ ewé kẹrin, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwé ní 52,000. Fóònù ní 35,000. Oṣù méje, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èwo ló ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

Kò pè mí ní Màmá mọ́. Àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́, ẹnìkan pòṣé. Mi ò rí nǹkan sọ. Ó ká ìwé mi pọ̀, ó tì í sí mi lábẹ́ gíláàsì, ó pe ẹni tó kàn. Lójú tiẹ̀, àlejò tó gbé ayédèrú ìwé wá láti wá yáwó ni mí.

Ta ni kò mọ 52,000? Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti sọ owó oṣù tó kéré jù di iye yẹn. 40,000 ló wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lórí rédíò. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń nulẹ̀, orí rédíò yẹn náà ló ń gbé. Ohun tó wá dùn mí wọra ni pé àwọn tó ń san 35,000 fún mi mọ iye tó yẹ kí wọ́n kọ sínú ìwé. Wọn ò ṣe àṣìṣe. Mùsié yẹn ni àṣìṣe.

Mo gun zémì padà sọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn alùpùpù ni mo ti ń ṣírò rẹ̀: 17,000 lọ́nà méje. Ihò ojú ọ̀nà da ìṣirò náà rú mọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un kà. 119,000.

Kí ìbínú má baà jẹ́ kí n gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa. Ọmọ Ìpókíá ni mí. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, mo gba ẹnubodè Ìgólò wọ Bẹ̀nẹ̀. Àdéhùn Ẹkówáàsì fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti wọ̀lú láìsí físà. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kó wá ìwé ìgbélùú. Mo wá tèmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa níbí kì í yọ ara wọn lẹ́nu: Yorùbá ni wọ́n fi ń nájà, Yorùbá ni wọ́n fi ń jà, wọ́n á gbàgbé pé ààlà wà títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá ní kí wọ́n mú ìwé wá.

Kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó lè mú mi dénú ilé olówó, ni mo ṣe lọ sọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí. 5,000 ni fọ́ọ̀mù. Péènì tí wọ́n so mọ́ tábìlì kò ní yíǹkì, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò sì ta òmíràn fún mi ní 200. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin péré, iṣẹ́ dé. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi odindi ọjọ́ kan kọ́ wa. Mo rò pé mo mọ ilé nù. Èmi tí mo ti ń nulẹ̀ láti kékeré! Ìyá àgbà kan ló kọ́ wa, ọmọ ẹ̀yà Gùn ni, ó sì mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mowó. Àkísà pupa fún ilé ìgbẹ́, aláwọ̀ ewé fún ilé ìdáná, wọn ò gbọdọ̀ pàdé láéláé, kódà lórí okùn. Tó bá jẹ́ fèrèsé nákò, òkè ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, wàá nu ewé kọ̀ọ̀kan lójú méjèèjì, wàá wá sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ á nù ún lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ó ní ká má da Javel (èyí tí àwa ń pè ní Hypo lọ́hùn-ún) pọ̀ mọ́ oògùn kíkan tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí líle kúrò nínú ilé ìgbẹ́, pé èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè gbẹ̀mí èèyàn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Títí dòní, mi ò tíì ṣe é.

Ilé tí wọ́n sì mú mi lọ, ilé àlàáfíà ni. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá mi. Ó máa ń kí mi kí n tó kí i. Ìyẹn nìkan, mo lè fi gba 35,000 láìráhùn. Mo sì gbà á.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó ta péènì yẹn ló wà níbẹ̀, fóònù lọ́wọ́. "Kí lo tún fẹ́?" Láti oṣù méje ló ti ń "o" mi, "o" níwá, "o" lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí mi jù ú lọ. Mo máa ń gbé e mì. Lọ́jọ́ yẹn mi ò gbé e mì. Mo ní, "Pe ọ̀gá ẹ."

Ọ̀gá jáde, kóòtù lọ́rùn nínú ooru. Mo tẹ́ ìwé sílẹ̀ bí akọ̀wé ṣe tẹ́ ẹ. Kò tiẹ̀ wò ó. Ó ní 17,000 yẹn ni owó iṣẹ́ tiwọn: ìwé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ààbò.

"Ààbò kí ni, sà?"

"Ààbò."

"Ààbò lọ́wọ́ ta ni?"

"Ìyá, ààbò ni mo sọ."

Mo bi í níbi tí a ti jọ kọ ọ́ sí pé wọ́n á máa yọ 17,000 lóṣù. Ó ní ẹnu ni a fi sọ ọ́. Mo ní ẹnu ta? Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì lè bì jáde nínú: "Ìwọ tó o ti Nàìjíríà wá, ta ló máa jẹ́ kó o wọ ilé òun bí kì í bá ṣe tiwa?" Mo kó ìwé mi. Lọ́jọ́ yẹn mo fi ìyá mi búra pé bí ọmọ ọ̀tá mi bá ń wáṣẹ́, mi ò ní júwe ibẹ̀ fún un.

Mo ti dé ìdí igi tí àwọn zémì ń dúró sí kí n tó gbọ́ pé ẹnìkan ń sáré bọ̀. Ọmọbìnrin onípéènì ni. Omi ọlọ́rá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ya etí rẹ̀ kan.

"Ẹ mu omi," ló wí.

Ẹ. Ó ní "ẹ". Mo gba omi náà. Ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ bi màdáàmù yín ní iye tó ń san. Ẹ má ní èmi ni." Ó ti sá padà kí n tó dúpẹ́.

Mi ò sùn dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo nu nákò pálọ̀ tán, mo nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ni mo tó rí ẹnu bi ọ̀gá mi. Kò dáhùn. Ó wọ yàrá, ó gbé agolo bisikíìtì jáde, gbogbo rìsíìtì wà nínú rẹ̀, ó fi ráńbà so wọ́n oṣù sí oṣù. 60,000. 60,000. 60,000. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ń gba 52,000, tiwọn jẹ́ 8,000. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Oṣù méje, o ò sì sọ fún mi." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo rò pé 35,000 ni.

Ó pe ọ̀gá kóòtù lójú mi. Kò pariwo. Ohùn tí mo rò pé ó fi ń pe ọmọ ilé-ìwé síwájú kíláàsì ló fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì dárúkọ inspẹ̀kítọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n pè mí. N kò rí ọ̀gá, wọ́n ní ó lọ sí Kútọnu. Ọmọbìnrin yẹn ló ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò tíì rí ẹni tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Ó kọ kọ́ńtíráà tuntun, ó ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún mi ní Yorùbá kí n tó fọwọ́ sí i. Ó tò ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní CNSS, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní kí n wo ibi orúkọ mi dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́: M, a, d, a, m, e. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ló tẹ "Monsieur" yẹn, pé fọ́ọ̀mù wọ́ṣímáànù kan lòun tẹ̀ lé.

Ìwé owó oṣù mi àkọ́kọ́ láyé mi rèé: 52,000 lókè. Ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí CNSS láti ara tèmi, 1,872. (Ọ̀gá ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀.) Nísàlẹ̀, 50,128. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, fóònù dún: 50,128. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ibùsùn, mo sì wá rúlà ọmọ mi.

Oṣù mẹ́ta ni ilé ìyáwó ní kí n kó ìwé jọ. Mo kó o jọ. Akọ̀wé kan náà ló gbà á, ó fi rúlà tọ̀ ọ́ wálẹ̀, ó gbójú sókè: "Màmá, ẹ jókòó." Wọ́n yá mi ní 150,000. A fi ṣe frídọ̀mù ọmọ mi tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní lìbérásíọ̀n. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án.

Nínú 119,000, wọ́n ti dá 60,000 padà, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì. 59,000 tó kù, wọ́n ní ìṣirò ń lọ lọ́wọ́. Kí ni wọ́n ń ṣírò? Ọ̀gá kóòtù kò tíì bẹ̀ mí. Bí mo bá pàdé rẹ̀, ó máa ń wo ògiri.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Àbúrò mi ń bọ̀ láti Ìpókíá lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo máa mú un lọ. Mo ti ra péènì méjì sílẹ̀.