ThinkPad tòkunbọ̀, MacBook àlòkù àbí tuntun nínú páálí: èwo ni kò ní máa ṣọ́ yín?

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ní Challenge, nílùú Ìlọrin. Wọ́n ti fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń lò ó ní Tánkẹ́, ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ pa, ó kọ ọ́ sójú pé iléeṣẹ́ kan lókè òkun ló ni òun. Owó wọgbó, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ náà wọgbó. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun kan tó lè fa irú èyí ni Computrace, ètò ìṣọ́ ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ Absolute ti Kánádà ṣe. Inú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dìde, ló máa ń wà. Bí wọ́n bá ti tan án, ẹ ì báà pààrọ̀ háàdì dísìkì, yóò tún ara rẹ̀ gbé sínú Windows, yóò sì máa jábọ̀ fún ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Onítọ̀hún lè mọ ibi tí ẹ̀rọ wà, ó lè tì í, ó lè pa fáìlì rẹ́. Torí olè ni wọ́n ṣe ṣe é, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2014, àwọn olùwádìí Kaspersky, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, bá a tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àwọn tí kò tan án rárá.

ThinkPad, Latitude, EliteBook tòkunbọ̀

Ọ́fíìsì ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ibẹ̀ sì ni Computrace ti wọ́pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa wọn ni pé ẹ lè fojú ara yín rí i kí owó tó jáde lápò. Lórí ThinkPad, ẹ tẹ F1 bó ṣe ń tàn, ẹ wọ Security, ẹ wá Computrace tàbí Absolute. Permanently Disabled ló dáa jù: kò sẹ́ni tó lè tan án mọ́. Latitude (ti Dell) ń lo F2, EliteBook (ti HP) ń lo F10. Bí BIOS bá ní páásìwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dìde níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí sítíkà vPro, àmì Intel lára ẹ̀rọ ọ́fíìsì, ẹ tún tẹ Ctrl+P bó ṣe ń tàn; ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò bí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ṣe lè darí ẹ̀rọ. Bí kò bá gba "admin", páásìwọ́ọ̀dù tó ń bá a wá, ẹnìkan ti yí i padà rí. Ní 2017, àlébù kan hàn nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé láìní páásìwọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ bá a ṣe àtúnṣe BIOS.

MacBook àlòkù

Apple kì í fi Computrace sínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n iléèwé tàbí ọ́fíìsì lè ti forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ẹ fi dátà fóònù yín tan án. Bí Remote Management (ọ́fíìsì tàbí iléèwé ṣì ń darí rẹ̀) tàbí Activation Lock (ó ṣì wà lórí àkáǹtì Apple ẹlòmíràn) bá yọjú, ẹ má rà á.

Tuntun nínú páálí

Kò ní ọ̀gá àtijọ́, àmọ́ ẹni tó ṣe é lè ti kó nǹkan sí i. Lenovo fi Superfish, tó ń ti ìpolówó bọ ojú ewé tí èèyàn ń kà, sínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní 2014 sí 2015. ThinkPad, tó jẹ́ ti Lenovo náà, kò sí lára wọn. Management Engine ti Intel, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Windows, náà wà nínú tuntun àti àlòkù, AMD sì ní irú tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó tèmi, ThinkPad tó kọ Permanently Disabled ni màá rà. Ẹ̀yin tó ń ti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán wá, ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀, kí nọ́ńbà ẹ̀rọ sì wà lórí rìsíìtì yín kí ẹ tó wọkọ̀.