Àgbéyẹ̀wò sikánà OBD2 oní-Bluetooth: bó ṣe bá mi wá ìdí tí píkọ́ọ̀pù mi fi ń mísì tí kò sì fà mọ́

Sikánà OBD2 ni ohun tí a ń kì bọ ihò kan nínú ọkọ̀ kó lè gbé ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí sójú fóònù. Tó bá jẹ́ tìtorí kóòdù nìkan (àmì àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tọ́jú) lẹ ṣe fẹ́ rà á, ẹ dúró ná. Kóòdù á sọ ibi tó ń dun ẹ́ńjìnnì, kò ní sọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka kóòdù tán tí wọ́n á sáré lọ ra púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) àti pọ́ǹpù epo pọ̀, tí ọkọ̀ á sì wà bó ṣe wà. Ohun tí mo fi ń yin sikánà yìí ni àwọn nọ́ńbà tó ń yí lójú fóònù bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ló bá mi tú àṣírí píkọ́ọ̀pù mi.

Ohun kékeré ni, kò ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí sitiarín, ni ihò tó ń wọ̀ máa ń wà, àyè irin 16 ló sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un pé kí gbogbo mọ́tò kéékèèké àti píkọ́ọ̀pù tuntun ní in. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó di 2001 kó tó kan àwọn tó ń lo bẹntiróòlù. Bí ọkọ̀ yín bá dàgbà jùyẹn lọ, ẹ kọ́kọ́ yọjú wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó náwó.

Tèmi, V6 ni (sílíńdà mẹ́fà tó pín sí apá méjì), bẹntiróòlù ló ń lò, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ́ìlì tirẹ̀. Tó bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á máa gbọ̀n débi pé ọwọ́ gíà ń jó. Tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí a wá kan òkè, mo lè tẹ iná kó kanlẹ̀, kò ní fà. Iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, iná tó tàn tó dúró gbọin yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣẹ́jú. Èyí tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé epo tí kò jó ti ń dà lọ sínú kátálísìtì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́. Ìyẹn á gbóná kọjá ààlà, á sì bàjẹ́. Ẹ má wà á lọ jìnnà.

Kóòdù mẹ́ta ló jáde: P0303, P0171 àti P0174. Àkọ́kọ́ ní sílíńdà kẹta ń mísì, ìyẹn ni pé epo inú rẹ̀ kì í jó bó ṣe yẹ. Àwọn méjì yòókù ní epo kéré sí afẹ́fẹ́ ní apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì. Kí n tó pa wọ́n rẹ́, mo da ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tọ́jú pa mọ́ kọ sílẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó, bó ṣe gbóná tó, àti iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí kóòdù wọlé. Tí ẹ bá ti tẹ ìparẹ́, gbogbo ìyẹn lọ nìyẹn.

Mo yọ kọ́ìlì sílíńdà kẹta, mo gbé e sí ìkarùn-ún, mo gbé ti ìkarùn-ún sí ìkẹta. Mi ò fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, kí ọ̀rọ̀ má bàa di méjì. Kò pẹ́ tí mo tan ọkọ̀ tí P0305 fi jáde: kọ́ìlì ló ń gbé àrùn kiri. Nígbà tí mo wo rọ́bà rẹ̀ dáadáa, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan gùn gba ara rẹ̀ wálẹ̀, ibi tí iná ti ń sá bọ́ sára irin dípò kó lọ sẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Mo fi tuntun sí i, gbígbọ̀n dópin.

Síbẹ̀ kò fà lórí òkè. Ibí yìí gan-an ni sikánà ti jẹ owó rẹ̀. Tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lójú ọ̀nà èéfín bá sọ pé epo kéré, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á bù sí i. Tó bá pọ̀, á dín in kù. Iye tó bù sí i tàbí tó dín kù ni wọ́n ń pè ní fuel trim. Láàárín -10% sí +10%, kò sí wàhálà. Tèmi jẹ́ +4% nígbà tí ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n bí òkè ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó gun +24%. (Ẹlòmíràn ló ń wà á, èmi di fóònù mú. Ẹ má sì jẹ́ kó tẹ iná kanlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kà á, torí kọ̀ǹpútà kì í tẹ̀ lé sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́ nígbà náà.)

Ká ní afẹ́fẹ́ ló ń jò wọlé níbìkan ni, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni nọ́ńbà yẹn ì bá ga jù, á sì máa wálẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára. Tèmi ṣe òdì kejì. Á jẹ́ pé epo ni ò dé tó, tàbí kó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí tó ń purọ́. Sikánà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ọkọ̀ àtijọ́ bí irú èyí kò ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára tí epo fi ń bọ̀. Gééjì tó ń wọn agbára tí epo fi ń bọ̀ ló parí ẹ̀. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú láti ìta, kí epo má bàa wọnú ọkọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ dúró dáadáa ní títẹ́jú, ṣùgbọ́n ó já wálẹ̀ lórí òkè. Mo tú fílítà epo, mo da ẹ̀gbẹ́ tí epo ń gbà wọlé sínú ike funfun: omi dúdú tó ní erùpẹ̀ nísàlẹ̀ ló jáde. Fílítà tuntun wọlé, nọ́ńbà gééjì ò já wálẹ̀ mọ́, fuel trim wálẹ̀ sí +3% lórí òkè kan náà. Pọ́ǹpù tí mẹkáníìkì fẹ́ kí n pààrọ̀ ṣì wà nínú táǹkì títí di òní.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: ó lọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bíi kílóbíìtì 10.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí CAN (ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ti àwọn tuntun lè dé 500. Tí ẹ bá kó nọ́ńbà púpọ̀ sójú fóònù, gbogbo wọn á máa fà; ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú ihò náà mọ́jú, ó ń fa bátìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè sọ fún yín pé kọ̀ǹpíréṣọ̀n sílíńdà kan ti lọ sílẹ̀. Gééjì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ìlọ́ra rẹ̀ ló gba ọ̀kan tó kù.